Ibi Tí Àkàrà-oògùn Dákẹ́ Sí

Ẹni tó ń fi ojú kàwé lè rẹ́ni jẹ. Bí ẹ̀rù bá bà á jù, yóò ṣí ojú-ewé tó gbẹ̀yìn wò, yóò rí i pé ọdẹ náà kò kú, yóò wá padà síbi tó ti kúrò pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ olè tó ti mọ ibi tí wọ́n so ajá onílé mọ́. Etí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ibi tí ohùn bá mú un lọ ló ń lọ, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, kò sì mọ ohun tó lúgọ dè é níwájú. Òótọ́ ni pé fóònù tí a fi ń gbọ́ ìwé ní ibi tí èèyàn lè tẹ̀ kí ìtàn fò síwájú, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ń bọ́ sí. Kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́, kò mọ ẹni tó ti kú. Kíá ni yóò dá a padà síbi tó wà.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé etí ló ni ìtàn aginjù, ìtàn ọdẹ tó wọ igbó tí kò mọ̀, tí abàmì kan ń bẹ lẹ́yìn igi kọ̀ọ̀kan. Mo sì gbà pé bí a bá ń wá ibi tó yẹ kí wọ́n ti máa gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, etíkun Ìlàjẹ ni ká kọ́kọ́ yà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó tó wà nínú ìwé ìtàn aginjù tó gbajúmọ̀ jù lọ lédè wa jìnnà sí òkun.

Fún ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò, Ìgbókòdá ni ọ̀nà mọ́tò parí sí. Ibẹ̀ ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ibẹ̀ ni ọjà ẹja wà, ibẹ̀ sì ni èbúté tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, Ugbò-Ńlá, Àwòyè àti àwọn abúlé tó tò lọ sétí òkun. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, igbó yóò sún mọ́ ọ lọ́tùn-ún àti lósì. Ọ̀pẹ ògùrọ̀ wà níbẹ̀, àti àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró lókè ẹrẹ̀ bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè. Koríko orí omi máa ń wọ́ jọ, á dí ọ̀nà, awakọ̀ á sì ní láti pa ẹ́ńjìnì kí ó fi ọwọ́ yọ ohun tó há sí i. Orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé dúró sí, pákó ni wọ́n tẹ́ ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé. Láti ìhà Àràròmí lọ sí ìlà-oòrùn, iyanrìn etíkun ń tán lọ, ẹrẹ̀ ló ń gbapò, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní etíkun ẹlẹ́rẹ̀ ti Máhìn. Omi, ẹrẹ̀ àti igbó ló pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn, ìwọ̀nba tó kù ni èèyàn ń gbé.

Bí ilẹ̀ bá ṣú níbẹ̀, ojú ti parí iṣẹ́. Ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Òkìtìpupa dé etí òkun, lo ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ láìsí iná ìjọba. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ yóò tan tirẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn náà òkùnkùn á padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Etí ni ará etí omi fi ń mọ ayé lóru: ìró ẹ́ńjìnì tó ń bọ̀, bóyá ti aládùúgbò ni tàbí ti àlejò, bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà, bóyá ìgbì ń ṣeré tàbí ó ti ń bínú. Ẹni tí etí rẹ̀ ti gba irú ẹ̀kọ́ yìí láti kékeré kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn tó ń dẹ́rù bani. Ó ti ń gbọ́ ọ lálaalẹ́.

Ìwé ìtàn aginjù tó gbajúmọ̀ tí mo mẹ́nu bà lókè ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà tó kọ ọ́, àmọ́ ọmọ inú igbó ni tirẹ̀: Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí ní 1903. Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, iṣẹ́ tíṣà ló sì ń ṣe nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àwọn òyìnbó pe ìdíje ìwé kíkọ ní 1936. Ilé ìtẹ̀wé CMS ní Èkó tẹ ìwé náà jáde ní 1938, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, àìmọye ọmọ ilé-ìwé ló ti kà á sókè níwájú tíṣà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń gbọ́. Bí ọ̀pọ̀ ará ilé wa ṣe kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó lọ sílé-ìwé á gbé ìwé wálé, ìyá tí kò mọ̀wé kà á sì ní kí ó máa kà á bí òun ṣe ń gé ewébẹ̀.

Ẹ wo bí Fágúnwà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé òun jókòó, òun ronú, òun kọ ìtàn. Ó fi ìtàn náà wé ìlù àgídìgbo, ó ní kí òǹkàwé wá jó sí i. Lẹ́yìn náà, bàbá arúgbó kan tó ti inú ayé tirẹ̀ bọ̀ wá bá akọ̀wé nílé, ó ní kí ó mú kálámù àti ìwé, kí ó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ sílẹ̀. Àkàrà-oògùn ni bàbá náà. Gbogbo ohun tí a ń kà láti ibẹ̀ lọ, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni. Akọ̀wé kàn ń sáré tẹ̀lé e ni. Ohun tí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ń ṣe fún wa lónìí, kálámù ọ̀gbẹ́ni tíṣà yìí ló ṣe é. Ìdí nìyí tí mi ò fi bá àwọn tó ń sọ pé kíka Fágúnwà sínú ẹ̀rọ jẹ́ àṣà tuntun ṣe. Ìwé àfetígbọ́ ni ìwé náà kí ó tó di ìwé rárá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kálámù Fágúnwà ṣe tí fóònù kì í sábà ṣe. Ó kọ ìdákẹ́ sílẹ̀. Bí Àkàrà-oògùn bá ti sọ̀rọ̀ títí tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, á dá ìtàn dúró, á ní ó tó, á ní kí wọ́n jẹ́ kí ó di ọ̀la. Ní ọjọ́ kejì, kì í ṣe akọ̀wé nìkan ló ń dúró dè é mọ́. Ọ̀rọ̀ ti ta sí ìgboro, àwọn èèyàn ti gbọ́, ilé ti kún. Kò sí ohun tó kó wọn wá bí kò ṣe ibi tó dákẹ́ sí lánàá. Ká ní ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, èèyàn kan ṣoṣo ni ì bá gbọ́ ọ, àwa náà kì bá máa kà nípa èrò tó kún ilé.

Ohun tí mo ní láti sọ nípa irú ìtàn yìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ibi tí ohùn bá dákẹ́ sí ni ọkàn ti ń fò sókè. Abàmì nìkan kò tó. Ẹ rántí bàbá Àkàrà-oògùn tó yìnbọn lu ẹranko kan, tó tọ ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sílẹ̀ títí tó fi yà sí ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Ẹni tó mọ ìtàn á kà, ṣe ló yẹ kí ó dákẹ́ níbẹ̀. Kí ó má tíì sọ ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú ilé. Kí ó jẹ́ kí olùgbọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bákan náà ni Agbákò, abàmì tí Àkàrà-oògùn pàdé nínú igbó. Fágúnwà kò jù ú síwájú wa lẹ́ẹ̀kan náà; fìlà irin ń bọ̀, ẹ̀wù idẹ ń bọ̀, ṣòkòtò awọ ń bọ̀, lẹ́yìn náà la wá gbọ́ pé ojú mẹ́rìndínlógún ló wà lórí rẹ̀. Lórí ìwé, ojú ti rí gbogbo rẹ̀ kí ọkàn tó mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ohùn nìkan, ohun kan ni wàá gbọ́ kí o tó gbọ́ èkejì, ìwọ fúnra rẹ lo sì ń kó wọn jọ sórí ara kan ṣoṣo.

Àwọn òyìnbó náà tètè mọ̀ pé etí àti ìtàn ìpayà jẹ́ ọ̀rẹ́. Nígbà tí àjọ àwọn afọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé sórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1935, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún jẹ́ sójà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ fọ́ lójú. Lára ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kà sí i ni ìtàn ìpànìyàn kan tí Agatha Christie kọ àti Typhoon, ìtàn ọkọ̀ ojú omi tó kó sínú ìjì tí Joseph Conrad kọ. Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Ìtàn òkun wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi etí kà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ń fi ẹnu mi dárúkọ Ìlàjẹ.

Ọdún 1935 yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn èèyàn ní Èkó, tí àpótí kékeré orí ògiri ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ láìsí ẹni tó lè dá a lóhùn. Àwọn baba wa wò ó, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, ní 1952, akéwì ará Wales kan, Dylan Thomas, ka iṣẹ́ ara rẹ̀ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Caedmon ní New York, àwo yẹn sì wà lára ohun tó sọ ìwé àfetígbọ́ di ọjà ní Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún kan náà, Dylan Thomas yìí kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Observer láti yin ìtàn aginjù kan tí ọmọ Abẹ́òkúta kọ: The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutùọlá. Nígbà tó yá, Tutùọlá ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ kí ni wọ́n gbé fún un? Olùtọ́jú ilé ẹrù. Ẹni tó mọ ìtàn aginjù á sọ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ ni wọ́n fi í sí, níbi tí maikirofóònù wà nínú yàrá kejì. Mi ò tíì rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín tó tún bí mi nínú tó ìyẹn.

Àwa náà kò dúró de òyìnbó, ṣá. Àwọn oníjàálá bí Ògúndáre Fọ́nyánmu àti Àlàbí Ògúndépò ti gbé igbó wọ inú rédíò àti àwo kí ẹnikẹ́ni nílé wa tó máa wí nípa ìwé àfetígbọ́, wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí èémí dúró sí. Rédíò tilẹ̀ tún ní ohun kan tó bá Àkàrà-oògùn mu: aago. Bí eré bá gbóná tán, olóòtú á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ilé á sì pariwo mọ́ àpótí tí kò lè gbèsì.

Fóònù kò ní aago bẹ́ẹ̀. Bí orí kan bá parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ Fágúnwà báyìí lè gbọ́ ìrìn-àjò méjèèjì sí Igbó Irúnmọlẹ̀ àti ti Òkè Lángbòdó nínú òru kan, kí ilẹ̀ mọ́ kó má rántí ju Agbákò lọ. Àjẹkì ni, a mọ bí àjẹkì ṣe ń pa ẹni.

Ìhín ni Ìlàjẹ ti wá fakọ yọ lójú mi. Ẹni tó wà ní Àwòyè tàbí Ayétòrò, tó ń gbọ́ ìtàn lórí fóònù lóru, bátìrì ń jẹ tirẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ó bá gbọ́ ọ tán síbẹ̀, kò ní sí fóònù tí yóò fi pe oníbàárà ẹja ní Ìgbókòdá lówùúrọ̀. Ó di dandan kí ó pa á. Níbo ni yóò pa á sí? Ibi tó dùn ni, torí ibi tó dùn ni bátìrì máa ń kú sí. Lọ́jọ́ kejì, kí ó tó rí ibi tí yóò ti gba iná sí i, ọdẹ náà yóò ti dúró sí ẹnu ihò fún wákàtí méjìdínlógún. Mi ò ní kí ìjọba má fa iná dé etí òkun o. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi gba ẹ̀bùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé àìníná ti fi tipátipá dá ohun kan padà fún àwọn èèyàn yìí tí àwọn tó wà ní Èkó ti sọ nù.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n lè gbọ́ ọ. Inú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kò dára fún un, ariwo ẹ́ńjìnì yóò gbé ohùn mì. Ẹni tó ń wakọ̀ kò gbọdọ̀ fi nǹkan dí etí láéláé. Lójú omi tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kọ́nà pọ̀, tí koríko ga, ìró ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o kò dá wà. Ẹni tó dí etí níbẹ̀, ìtàn ẹlòmíràn ló máa di. Ìgbà ìdúró ni ìgbà ìtàn. Àwọn tó ti da àwọ̀n, tí wọ́n ń retí kí omi yí padà, ní ìgbà náà. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja àti edé, tí wọn kò lè sùn torí iná ẹja kò gbọdọ̀ kú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ru, àwọn ló ní i jù. Wọn kì í fi nǹkan sétí. Fóònù á wà lórí àga, ohùn á wà ní gbangba, ẹni mẹ́rin-márùn-ún á máa gbọ́ ọ pọ̀. Bí Agbákò bá dé, ẹnìkan á ké, ẹnìkejì á bú Agbákò. Ohùn inú fóònù kò gbèsì, àmọ́ àwọn tó yí iná ká ń gbèsì fún ara wọn.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù nínú gbogbo èyí ṣì kù. Ta ni abàmì inú igbó?

Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló mọ ìtàn Mọremí. Àwọn kan ń ti inú igbó yọ sí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀, ewé àti ìmọ̀ ni wọ́n fi bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ará ìlú rò pé ẹbọra ni wọ́n, wọ́n ń sá. Mọremí jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó mọ àṣírí pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n àti pé iná lè ràn mọ́ aṣọ wọn. Ó sá wálé, wọ́n fi iná lé wọn, ó sì wá fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Bí ẹ bá ń wá ìtàn aginjù tó ń gbé ọkàn sókè, kò sí èyí tó jù ú lọ: ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, amí wà nínú rẹ̀, sísá lóru wà nínú rẹ̀, gbèsè tó gbọ́dọ̀ san sì ń dúró níparí. Dúró Ládiípọ̀ gbé e sórí ìtàgé.

Àmọ́ ní Ugbò, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ibòmíràn ni wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn yìí. Wọ́n ní àwọn gan-an ni. Wọ́n ní àwọn baba ńlá àwọn ló ni Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, pé ìjà lórí ilẹ̀ ló lé wọn jáde, pé àwọn tó ń fi ewé bo ara yọ láti inú igbó, ṣe ni wọ́n ń padà wá sí ibi tí í ṣe tiwọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí dé etí òkun. Títí di òní ni Olúgbò ti Ugbò fi ń sọ tiwọn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dé inú ìwé ìròyìn, pàápàá láti ìgbà tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì ti gbé ère Mọremí tó ga fíofío dúró ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2016. Mi ò ní dá ẹjọ́ láàárín ààfin méjì. Orí mi kò yá. Ohun tó kàn mí ni olùgbọ́. Ọmọ Ugbò tó bá jókòó sídìí iná ẹja, tó ń gbọ́ bí ọdẹ ṣe ń wọ igbó tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń júwe ẹni tó wọ aṣọ àjèjì tó sì yọ sí ọdẹ látẹ̀yìn igi, ta ni yóò máa ṣe tirẹ̀? Mo rò pé ó lè bi ara rẹ̀ pé: Agbákò ńkọ́, kí ló ń ṣe nílé rẹ̀ kí àlejò oníbọn tó dé?

Ojú-ìwé kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ohùn lè béèrè rẹ̀, bí ẹni tó ń kà bá fi díẹ̀ nínú àárẹ̀ àti ìbínú onílé sí ohùn Agbákò dípò kí ó kàn máa bú bí kìnnìún.

Igbó náà sì ti ń yí padà. Nínú Fágúnwà, igbó ló ń lé èèyàn. Létí òkun Ìlàjẹ, igbó ló ń kú. Àwọn odò àgbẹ́ tí wọ́n là fún iṣẹ́ epo ní ìhà Àwòyè láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn jẹ́ kí omi iyọ̀ rọ́ wọ inú igbó tí omi adùn ń bọ́, igi gbẹ lórí ìdúró, ẹja inú rẹ̀ kò sì rí ibi sá sí. Ayétòrò, tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí wọ́n sì ń jẹun láti inú àpò kan náà, tí ayé ń wá wò ó nígbà kan bí ìlú àwòkọ́ṣe, òkun ti ń jẹ ẹ́ lójúlé-lójúlé. Ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ilé ti di ilé iwájú. Èyí tó wà níwájú ti wà nínú omi. Níbẹ̀, kò sí ọdẹ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ewu. Ewu ló ń rìn bọ̀ nílé, ó ń bọ̀ lóru nígbà tí omi bá kún, wọ́n sì ń gbọ́ ọ lábẹ́ ibùsùn. Fágúnwà kò kọ irú èyí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn aginjù tuntun lédè wa, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó sì mọ̀ pé àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ti gbọ́ orí kìíní.

Ẹnìkan tún wà tí omi dé bá. Ní Oṣù Kejìlá 1963, Fágúnwà wà lẹ́bàá odò kan nítòsí Bídà, ó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá. Ilé ìtẹ̀wé Heinemann ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n ní bèbè odò ló já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bọ́ sínú omi, ó sì kú. Òǹkọ̀wé tó kó ọdẹ la inú igbó já léraléra, tó sì máa ń rí oògùn tàbí àdúrà tí yóò fi yọ wọ́n, ilẹ̀ létí omi ló yà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo ti ka èyí ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ará ibi gbígbẹ sì máa ń kọ ọ́ bí ohun àràmàǹdà. Ará Ìlàjẹ kò ní kà á sí àràmàǹdà. Ó mọ̀ pé bèbè máa ń já.

Wàyí o, ta ni kó kà á? Mo ti gbọ́ Fágúnwà lẹ́nu àwọn tó ń kà á bí ìròyìn aago méje, ohùn dídán, kò sí ibi tó ti kọsẹ̀, kò sì sí ibi tó ti bà mí lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sáré. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, ó ń kó ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, ẹni tó ń kà á nílò èémí ọdẹ, kì í ṣe ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Nínú ẹgbẹ́ tí ọba rán lọ sí Òkè Lángbòdó, Fágúnwà fúnra rẹ̀ fi ọkùnrin kan sí i tí kò gbé kùmọ̀ bíi ti Kàkó, tí kì í ta ọfà, tó jẹ́ pé orin àti ohùn ni ohun ìjà rẹ̀: Olóhùn-iyọ̀. Bí òun bá kọrin, gbogbo nǹkan á dúró láti gbọ́. Fágúnwà ti mọ̀ pé ìrìn-àjò kankan kò lè pé láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí, obìnrin Ìlàjẹ kan ni n óò mú, àgbàlagbà, tí ohùn rẹ̀ ti gbó díẹ̀ nínú èéfín ẹja. Kí ó ka Yorùbá ìwé bí Fágúnwà ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹ̀dá inú igbó bá ń sọ̀rọ̀, kí ó sọ ọ́ lédè Ìlàjẹ, kí onílé àti àlejò má jọ fọ èdè kan náà. Kí wọ́n gbà á sílẹ̀ lálẹ́, kí wọ́n má ti fèrèsé tó kọjú sí omi. Kí wọ́n sì gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó má lè kọjá sí orí kejì fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá dé ibi Agbákò, kí ó ka fìlà irin, kí ó ka ẹ̀wù idẹ, kí ó ka ṣòkòtò awọ, kí ó wá fi ojú mẹ́rìndínlógún náà sílẹ̀ di ọjọ́ Jímọ̀ọ́ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró, ìwé ṣì wà lọ́jà.